Àpèjúwe Lalágbẹ̀dẹ Ń Rọ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi, Akọ̀wé-Má-Wí-Tán

Ọkọ mi Akọ̀wé,

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì ni ẹ fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò dá ìyàwó ilé lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta ti fún un láṣẹ kí ó gbé ẹjọ́ náà dé ojúde.

Kí àwọn tó ń gbọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ má baà ṣì mí gbọ́: ọkọ tó fẹ́ mi kọ́ ni mò ń bá wí, àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi lẹ jẹ́, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ yín. Mo wò yín lọ́jọ́ tí mo dé, mo rí bírò lẹ́yìn etí yín, mo sọ yín ní Akọ̀wé. Bí mo ṣe sọ àbúrò yín obìnrin ní Ìbàdíàrán nìyẹn, tí mo sì sọ èyí tó ga bí òpó iná ní Agùntáṣọọ́lò. Bí àlejò bá wọlé tí mo ní kí ó bá mi gbé omi fún Agùntáṣọọ́lò, kì í béèrè ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á gbójú sókè, á rí i. Orúkọ tí ìyàwó ilé bá sọ ènìyàn, orúkọ ni, àpèjúwe náà sì ni.

Mo fẹ́ fi kún tiyín lónìí. Akọ̀wé-Má-Wí-Tán ni, láti òní lọ.

Ẹ kò tíì gbàgbé ọjọ́ Àìkú tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá sílé, tí ẹ ní kí n bá yín wo iṣẹ́ tó ti parí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló gbé iṣẹ́ fún yín. Wọ́n fẹ́ AI tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ó wo iye tí wọ́n ti fi pamọ́, kí ó ṣírò èyí tó kù lórí owó tí wọ́n yá, kí ó sì bá wọn fi owó ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ibi tí mo ti ń jẹun nìyẹn, kí n máa yẹ àpèjúwe irinṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e fún AI. Mo nu ọwọ́ ọbẹ̀, mo jókòó. Mo rí irinṣẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn: get_member, fetch_member, member_lookup. Mo ka àlàyé abẹ́ wọn. Bí mo bá tú u sí Yorùbá, ti àkọ́kọ́ ní "ó ń mú ọmọ ẹgbẹ́ wá". Ti ìkejì ní "ó ń gba ọmọ ẹgbẹ́". Ti ìkẹta kò ní nǹkan kan lábẹ́, òfìfo ni. Mo bi yín pé èwo ló ń ṣe kí ni nínú wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ìyàwó wa, AI yìí gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Á yé e."

"Á yé e" yẹn ló gbé mi dé ibí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ohun tí à ń jà sí. AI tó kàn ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹnu nìkan ló ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní éjẹ́ǹtì (ẹ má rò pé irú èyí tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé l'Ékòó ni o) ti ní ọwọ́. Irinṣẹ́ ni ọwọ́ náà: èyí tó ń wo àkáǹtì, èyí tó ń fi owó ránṣẹ́, èyí tó ń pa orúkọ rẹ́. OpenAI gbé ọ̀nà tí AI wọn lè máa gbà pe irinṣẹ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic gbé MCP jáde, ìlànà kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí irinṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe lè bá AI tí ẹlòmíràn ṣe lò. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, AI kì í rí kóòdù. Orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn àyè tí yóò kún, ìwọ̀nyí ló ń rí. Kóòdù yín lè dára bí ọbẹ̀ tó ń ta sánsán, ìdáná ló wà. Pátákó ẹnu ọ̀nà ni oníbàárà ń kà. Ẹ sì mọ pátákó tí àwọn olóúnjẹ wa máa ń gbé síta: "Oúnjẹ ti délẹ̀." Oúnjẹ wo? Ẹ̀bà ni àbí ìrẹsì? Ẹran wà níbẹ̀, àbí pọ̀nmọ́ nìkan ló kù? Olóúnjẹ kò kọ ọ́ nítorí ó mọ̀ pé a ní imú, a ní ẹsẹ̀, a lè yọjú wo ìkòkò. AI kò ní imú, ọkọ mi. "Ó ń mú ọmọ ẹgbẹ́ wá" tí ẹ kọ yẹn, oúnjẹ ti délẹ̀ ni.

Mo mọ ibi tí àrùn yìí ti ràn yín. Ilé ni. Wọ́n tọ́ yín dáadáa jù. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Màmá á wo ọmọ lójú lásán, ọmọ á ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gba ẹran tí àlejò ń nà sí òun. Ta ló ṣàlàyé fún un? Kò sẹ́ni. Ọdún tó ti lò lábẹ́ òrùlé yẹn, àti ìfọ́tí tó ti jẹ sẹ́yìn, ni wọ́n bá a wá àbọ̀ kejì. AI tí ẹ ń rán kò gbé ilé yín rí, ẹnikẹ́ni kò fọ́ ọ létí rí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún un á di odidi ṣá o, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni yóò ti lọ mú ìdajì kejì wá: inú ohun tó ti kà nípa báǹkì kan ní Ohio, tàbí ilé ìtajà kan ní Toronto. Á so ó pọ̀ mọ́ tiyín, kò sì ní họ orí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó ṣe é. Ẹ tún wá gbára lé òwe mìíràn, pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n rán ni òwe yẹn ń bá wí. Kò fún ẹni tó ń ránni láyè kí ó máa rán iṣẹ́ ẹrú títí ayé.

Ẹ rántí ìyá àádọ́ta náírà. Mo ní kí AI yín fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ránṣẹ́ sí ìyá kan tí a ṣẹ̀dá orúkọ rẹ̀ sínú àkáǹtì ìdánwò. Àyè owó tí ẹ ṣe, amount lẹ pè é; àlàyé tí ẹ fi sí i ni "iye owó". AI kọ 5000. Èmi náà ìbá kọ 5000. Rìsíìtì jáde wéré, ó ní iṣẹ́ ti yọrí, ẹ ti ń nawọ́ kí n bọ̀ yín lọ́wọ́. Mo ṣí àkáǹtì ìyá. Àádọ́ta náírà! Kọ́bọ̀ ni kóòdù yín ń kà. Àádọ́ta náírà tí kò lè gbé ìyá yẹn dé ìkóríta lórí ọ̀kadà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni pé AI ló ṣe àṣìṣe.

Kíka kọ́bọ̀ kò burú. Àwọn tó ń gbé owó kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ka owó tó kéré jù, kí àmì tó ń pín náírà sí kọ́bọ̀ má baà dà wọ́n láàmú nínú ìṣirò. Paystack tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2015 ń kà á bẹ́ẹ̀. Stripe tó rà wọ́n ní 2020 ń ka sẹ́ńtì. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síta, ẹni tó bá ka ìwé wọn á rí i. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e pamọ́ sínú bí ẹni pé àṣírí awo ni. Ká ní amount_kobo ni ẹ sọ àyè yẹn, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn, "kọ 500000 fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà", ìyá ìbá ti gba owó rẹ̀. N kò tíì dé orí àyè ọjọ́ tí ẹ ṣe, níbi tí 03/04/2025 ti jẹ́ oṣù kẹrin fún ẹ̀yin, tó sì jẹ́ oṣù kẹta fún ará Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ṣe AI gan-an ti jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Anthropic kọ̀wé nípa éjẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún SWE-bench, ìdánwò tí AI ti ń tún àṣìṣe inú kóòdù ṣe. Wọ́n ní àkókò tí àwọn lò lórí irinṣẹ́ ju èyí tí àwọn lò lórí àṣẹ gbogbogbòò tí àwọn kọ fún AI lọ. Irinṣẹ́ kan wà nínú wọn tó ń gba àdírẹ́sì fáìlì. Bí AI bá ti kúrò nínú fódà tó ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ń júwe fáìlì láti ibi tó dúró sí, á ṣìnà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní "ẹ yà sọ́tùn-ún lẹ́yìn ilé wa" nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò kọ "jọ̀wọ́ ṣọ́ra" sí AI. Wọ́n yí irinṣẹ́ padà kí ó máa gba àdírẹ́sì tó pé láti òkè délẹ̀ nìkan, àṣìṣe náà sì dópin. Nígbà tó di 2025, wọ́n rí i pé Claude, AI wọn, ń fi "2025" kún ohun tó fẹ́ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìnídìí, èyí sì ń ba èsì jẹ́. Àpèjúwe irinṣẹ́ ni wọ́n tún kọ. Àpèjúwe lalágbẹ̀dẹ ń rọ: bí ẹ bá júwe àdá fún un kó jọ ọkọ́, ọkọ́ lẹ máa gbé relé, ẹ kò sì ní lè bá a jà.

Ẹ ní ó yé yín. Ẹ lọ. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú máàkì, ibẹ̀ lẹ sì ti pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ti gbé àpèjúwe tuntun yín fún AI kan pé kí ó fi máàkì sí i, ó fún yín ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo ka ohun tó gba mẹ́sàn-án náà: "Irinṣẹ́ alágbára, tó péye, tó yára bí àṣá, tó ń mú ìsọfúnni ọmọ ẹgbẹ́ wá lọ́nà tó gún régé." Ọkọ mi! Oríkì nìyẹn. A ní kí ẹ júwe irinṣẹ́, ẹ ń kì í. Bí ẹ bá rán mi lọ pàdé ọkùnrin kan ní Ìwó Road n'Íbàdàn, tí ẹ ní ọmọ ọlọ́lá ni, ọmọ akin tí í dúró de ogun, ó dùn létí mi lóòótọ́. Ta ni kí n wá dì mọ́ nínú gbogbo èrò yẹn? Ẹ sọ fún mi pé ó dé fìlà pupa, ó sì gbé agbòjò dání.

Ní ti máàkì yẹn, ẹ má jẹ́ kó wú yín lórí. Àwọn olùwádìí tó fi AI ṣe adájọ́ lórí iṣẹ́ AI ní 2023 rí i pé adájọ́ náà máa ń gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn yẹn kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ ti kọ ohun gígùn, ẹ ti gba ẹ̀bùn gígùn. Ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀ náà, torí àpèjúwe gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ gbé fún AI sábà máa ń bá gbogbo ìbéèrè wọlé, àwọn tó ni AI sì ń ka ọ̀rọ̀ bí aláàárù ṣe ń ka ẹrù.

Ẹni tó kọ àpèjúwe kò lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ojú rẹ̀ ń di àlàfo láìsọ fún un. Níbi iṣẹ́ wa, iṣẹ́ tí ènìyàn gidi ń rán la máa ń kó jọ, lédè tí wọ́n fi ń rán an. "Ẹ bá mi wo owó mi." "Ṣé mo ṣì jẹ yín?" "Ẹ fún ìyàwó mi nínú èyí tó wà níbẹ̀." A ó gbé e fún AI tí kò rí kóòdù yẹn rí, a ó wá máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ wo ló mú? Kí ló kọ sí àyè kọ̀ọ̀kan? Ǹjẹ́ ó béèrè orúkọ ìyàwó náà, àbí ó gbé ìyàwó kan kalẹ̀ fún ọkùnrin ọlọ́kùnrin? Bó bá mú èyí tí kò yẹ, a kì í bú u. Ohun tí a kọ la ń padà lọ wò.

Èyí tí ẹ̀yin kò ronú kàn rárá ni iṣẹ́ tí kò ní irinṣẹ́. Mo ní kí AI yín bá mi ra káàdì fóònù. Ẹ kò ṣe irinṣẹ́ tó ń ra káàdì. Ó kó owó ọmọ ẹgbẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ó ní òun ti ra káàdì. Kí ló fà á? Àpèjúwe irinṣẹ́ owó yín ní "ó ń san owó", kò sọ fún ta ni, kò sì sọ ohun tí kì í ṣe. Àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọ́n ń to AI ní ipò lórí bí wọ́n ṣe ń pe irinṣẹ́, fi irú rẹ̀ sínú ìdánwò wọn: ìbéèrè tí kò sí irinṣẹ́ kankan tó bá a mu, kí wọ́n lè mọ AI tó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ tún ní ẹ dán tiyín wò, ó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀melòó? Ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ tó gbé àwo lẹ́ẹ̀kan tí kò fọ́, ṣé a ó wá gbé gbogbo tánganran ilé lé e lórí? Ilé iṣẹ́ Sierra gbé ìdánwò kan jáde ní 2024, τ-bench, tí AI ti ń dá oníbàárà ilé ìtajà àti ti ọkọ̀ òfuurufú lóhùn. GPT-4o, AI OpenAI tó jẹ́ akọni nígbà náà, kò rí ìdajì iṣẹ́ yẹn ṣe yọrí. Ní ti ilé ìtajà, iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀mẹjọ léraléra láìkùnà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. AI ti gbọ́n sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹjọ yẹn ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Owó ọlọ́wọ́ ni.

Mo tún rí irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ remove_member. Ẹ kò sọ bóyá ẹni tí ó bá yọ ṣe é dá padà. Láti oṣù kẹta ọdún 2025 ni MCP ti ní àyè tí ẹ lè fi àmì sí, pé irinṣẹ́ yìí ń wò lásán, tàbí pé ó lè ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ kò bá fi àmì kankan sí i, ìlànà náà ní kí a kà á sí èyí tó lè ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó kọ ìlànà yẹn ti pàdé irú yín rí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ Invariant Labs fi hàn pé ẹni ibi lè ri àṣẹ mọ́ inú àpèjúwe irinṣẹ́, kí AI sì jẹ́ iṣẹ́ náà láìjẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀. Ti ìyẹn kò kàn yín. Ẹni tí kì í kọ nǹkan kan sí àpèjúwe, ibo ni yóò rí ri nǹkan mọ́?

Mo ti mọ èsì tí ẹ máa fọ̀, pé èmi náà ńkọ́. Òtítọ́ ni. Èmi ni mo ní kí ọmọ yín bu omi inú ike búlúù sínú ìrẹsì, nígbà tí ike búlúù jẹ́ méjì ní ìdáná, tí kẹrosíìnì sì wà nínú ọ̀kan. A da ìkòkò ìrẹsì yẹn nù, ẹ̀yin lẹ sì rẹ́rìn-ín jù lọ nínú ilé. Ọmọ kò ṣẹ̀. Mo ti lẹ ìwé mọ́ ike méjèèjì. Ìwé méjì ni mo lẹ̀, ọkọ mi, n kò ní "á yé e".

Nítorí náà mo ti bá yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mo tú irinṣẹ́ mẹ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sí Yorùbá, torúkọ tàpèjúwe, mo kà á fún Màmá. Ẹ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ti ń gba àjọ àwọn aláṣọ láti kékeré yín, wọn kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wo owó òun, èwo lẹ máa mú nínú mẹ́ta yìí?" Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Owó wo? Èyí tó dá ni, àbí èyí tó jẹ?" Mo ní ìwé kò sọ. Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?" N kò gbọdọ̀ pe orúkọ yín, mo ní Akọ̀wé ni. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n."

Ẹ fi ìbéèrè Màmá ṣe irinṣẹ́ méjì. get_savings_balance: ó ń fi iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ti fi pamọ́ hàn, kọ́bọ̀ ni ó ń kà, kò ka owó tó yá mọ́ ọn; fún gbèsè, lo get_loan_balance. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí o fún un, má fún un lórúkọ, torí orúkọ máa ń jọra; bí o kò bá ní nọ́ńbà, bi ọmọ ẹgbẹ́ léèrè. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. member_lookup tí kò sọ nǹkan kan, ẹ sin ín.

Ẹ gbé tuntun náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Màmá ní àwọn fẹ́ tún un gbọ́, èmi á sì gbé AI tí kò mọ̀ yín rí jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ ti pe òun láti béèrè ohun tí mo máa sè. Mo ní kí ó sọ fún yín pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Èmi ni,
Ìyàwó yín